Ìdọ̀bálẹ̀ Kan ní Ifọ̀

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án, tí omi ń sáré lórí páànù, ọkàn mi máa ń padà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lotto, ní Mowé, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn. Ọdún keje rèé tí mo ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti wó o, ẹni tó ń ta fóònù ló kọ́ tirẹ̀ síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá di ojú, mo ṣì máa ń gbóòórùn íǹkì ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, mo sì máa ń gbọ́ bó ṣe ń kérora bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àga. Abẹ́ tábìlì ni mo ń kó àwọn ìwé ìtàn tí mo yá sí, torí ọ̀gá mi kò fẹ́ kí n máa kàwé lẹ́nu iṣẹ́. Inú àwọn ìwé yẹn ni mo ti kọ́ bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin tí ọkàn obìnrin fi ń yọ́. Mo rò pé bí tèmi bá ń bọ̀, láti òkèèrè ni n óò ti dá a mọ̀.

N kò dá a mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló wọlé, ẹrọ̀fọ̀ kún bàtà rẹ̀, ó na ìwé kan sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí. Ẹ̀dà mẹ́wàá.”

Mo wo ìwé náà. Yaqub Lásúnkànmí ni orúkọ tó wà níbẹ̀. Ó ti kàwé òfin jáde, ó sì ti di lọ́yà láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin ni lọ́yà yìí?”

“Èmi ni. Ṣé mi ò jọ ọ́ ni?”

“Àwọn lọ́yà tí mo mọ̀, inú mọ́tò ni wọ́n ń jókòó sí gba ẹrọ̀fọ̀ kọjá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn yẹn ti ríṣẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tẹ mẹ́wàá nìyẹn.”

Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé. Ẹ̀dà mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ kẹta, méjì péré ló ní kí n tẹ̀, síbẹ̀ ó lo wákàtí kan gbáko lórí bẹ́ǹṣì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó mọni, mo rí i pé orúkọ olùkọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kọ.

“Ẹ ò ní ẹlòmíràn tó mọ̀ yín ni?”

“Màmá mi mọ̀ mí dáadáa,” ló dáhùn. “Ṣùgbọ́n aṣọ iléèwé ni wọ́n ń rán ní Ìbafò. Ṣé kí n kọ wọ́n síbẹ̀?”

“Ẹ kọ wọ́n. Ẹni tó bá lè rán ṣòkòtò tí ọmọ iléèwé kò fà ya láàárín ọdún kan, ẹlẹ́rìí gidi ni.”

Ó wò mí nígbà náà. Kò rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé rárá. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó wá rí i níbi tí kò retí. Lọ́jọ́ náà ni ó bèèrè ìwé tó wà lábẹ́ tábìlì, mo sì yá a. Nígbà tó máa dá a padà, ó ní òun ní ìbéèrè kan.

“Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin inú ìwé yìí kì í wáṣẹ́? Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń fẹ́ràn obìnrin. Ta ló ń bọ́ wọn?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò pè é ní “ẹ” mọ́, bí kò bá ti sí ẹni tó ń gbọ́ wa.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, a óò rìn létí títì títí dé ibi tí àwọn ọkọ̀ Ìbafò ti ń dúró, ọkọ̀ mẹ́rin, márùn-ún yóò sì kọjá kí ó tó wọ ọ̀kan. Ohun tí a ń sọ kò ṣe pàtàkì. Ó máa ń sọ ẹjọ́ àwọn ènìyàn tí ó kà nínú ìwé òfin fún mi, èmi náà a máa sọ ti inú ìwé ìtàn mi fún un, nígbà mìíràn a kì í mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́.

*

Bàbá mi, Alhaji Ṣàràfá, ń ta páànù àti irin ìkọ́lé ní Lotto. Kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohun tí ó lè fọwọ́ kàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Kúlúsúmù, ni ó ṣe alárinà wa. Kí Yaqub tó wá fojú han ẹbí, Àǹtí Kúlúsúmù ti pè é sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí ẹní ń kọ́ ọmọ ilé-kéwú.

“Ọkùnrin kankan nínú ilé wa tí o bá ti fojú rí, àyà rẹ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Àyà ni mo wí, kì í ṣe orúnkún. Ìbáà jẹ́ orí títì, ìbáà jẹ́ inú mọ́sálásí. Àna kì í bẹ̀rù eruku.”

“Tí ilẹ̀ bá tutù ńkọ́, Àǹtí?”

“Kí aṣọ rẹ tutù. Aya tí o máa fẹ́ ló máa fọ̀ ọ́. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ kí n rí i.”

Ó dọ̀bálẹ̀. Àǹtí ní kò tíì gún. Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó mú un dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé.

Nígbà tí òun àti màmá rẹ̀, Ìyáàfin Hàfísátù, wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Hàkímù. Lọ́yà ni Bọ̀ọ̀dá Hàkímù náà. Òun àti àwọn méjì mìíràn ló jọ ni ọ́fíìsì kan ní Ifọ̀. Bàbá mi gba àlejò dáadáa, ó fún wọn ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó bèèrè àlàáfíà ara. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Mi ò rí ohun burúkú kankan lára ọmọ yín, Ìyáa Yaqub. Ṣùgbọ́n lọ́yà tí kò níṣẹ́, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹni tó kàn wọ aṣọ dúdú? Kí oṣù ààwẹ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí mi ò bá gbọ́, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ.”

Oṣù méjì ló kù kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

N kò lè sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Nínú àwọn ìwé mi, obìnrin a máa dúró lójú fèrèsé, a máa sunkún, títí nǹkan yóò fi yanjú fúnra rẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, nǹkan kò yanjú. Ni mo bá wọ ọkọ̀, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Hàkímù nílé rẹ̀ ní Magboro, láì sọ fún bàbá mi. Màmá mi nìkan ló mọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá lọ́yà kékeré kan sí ọ́fíìsì yín.”

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Èmi ni mo tẹ ìwé ìkéde rẹ̀. Akọ̀wé yín ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi yí padà. “Wò ó, Rasheedah. Àwa mẹ́ta ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ wá mọ́. Ìjà ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìjà kékeré. Bí obìnrin tó wà níbẹ̀, Lọ́yà Ayọ̀níkẹ́, bá fi lè gbọ́ pé àna mi ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ìwọ náà. Ní kí ó wá. Tí ó bá dé ibẹ̀, kò mọ̀ mí, mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó kù, fi sílẹ̀ fún mi.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Yaqub, ojú rẹ̀ kò tàn bí mo ṣe rò.

“Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, Rasheedah?”

“Irọ́ kẹ̀? Ṣé wọ́n ní kí o sọ nǹkan kan ni? Dídákẹ́ kì í ṣe irọ́.”

Inú ìwé kan ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dùn lẹ́nu mi nígbà náà.

Yaqub mi orí. “Àwọn tí a jọ jáde ní yunifásítì, gbogbo wọn ló lẹ́nìkan. Ti ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ti òmíràn, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín wọn.”

“Ìwọ náà ti wá lẹ́nìkan. Èmi ni.”

Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gbà. Mo mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe gbà.

*

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè é. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì tẹ̀lé e lọ sí Ifọ̀. Màmá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kóòtù dúdú kan fún un. Ó bá a mu débi pé mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó.

Kò sí iná lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ti bàjẹ́, torí náà wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí ní ìta, mo ń rí inú yàrá náà, mo sì ń gbọ́ ohun gbogbo. Lọ́yà Ayọ̀níkẹ́ jókòó sí àárín, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi bírò gún irun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàbá arúgbó kan wà tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Àga kẹta ṣófo. Bọ̀ọ̀dá Hàkímù ṣì wà ní ilé ẹjọ́.

Yaqub tẹríba fún àwọn méjèèjì, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.

“Onílé kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta,” ni obìnrin náà wí. “Ẹrù rẹ̀ wà nínú ilé. Ó sunkún wá bá ọ. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?”

“Màá kọ́kọ́ bi í bóyá ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé, mà.”

Obìnrin náà gbé ojú sókè. “Kí ló dé?”

“Torí pé tí ọmọ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Tí kò bá sí ọmọ níbẹ̀, a lè jókòó kọ lẹ́tà.”

Bàbá arúgbó náà dẹ́kun fífẹ́ ara rẹ̀. Mo rí obìnrin náà tí ó yọ bírò kúrò nínú irun rẹ̀, tí ó sì fi fàlà sórí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ń bi í, ó ń dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àyà mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ronú irú fèrèsé tí ilé wa yóò ní.

Ìgbà náà ni Bọ̀ọ̀dá Hàkímù gba iwájú mi kọjá. Láti kékeré mi, n kò tíì rí i rí kí n má kúnlẹ̀. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di í mú mọ́ bẹ́ǹṣì, mo wo ògiri bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun náà kò wò mí. Ó wọlé.

“Ẹ má bínú, adájọ́ ni kò tètè jókòó.”

Yaqub gbé ojú sókè. Kí n tó mí, ó ti dìde, ó ti ti àga sẹ́yìn, ó sì ti na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, àyà kan ilẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú kóòtù tuntun náà.

“Ẹ káàsán, sà.”

Mo mọ ìdọ̀bálẹ̀ náà. Ti ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Kúlúsúmù ni, ẹlẹ́ẹ̀keje, èyí tó gún.

Lọ́yà Ayọ̀níkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọ̀dọ́mọkùnrin, èmi àti bàbá yìí, orí lo tẹ̀ fún wa. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó pẹ́ dé lo da gbogbo ara dé ilẹ̀ fún? Àna rẹ ni?”

Àwàdà ló fi ṣe. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Hàkímù rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. “Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣì kù nílẹ̀ yìí o. Èmi ò rí ọmọ yìí rí láyé mi.”

Yaqub ti dìde. Obìnrin náà ṣì ń wò ó, ẹ̀rín ti ń parẹ́ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Mo bi ọ́ léèrè. Ṣé o mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀?”

Lórí bẹ́ǹṣì, mo ń sọ ọ́ nínú mi: dákẹ́, dákẹ́, sọ pé rárá, Yaqub. Ó ṣíjú wo ẹnu ọ̀nà, ojú wa sì pàdé.

“Mo mọ̀ wọ́n, mà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni mo fẹ́ fẹ́.”

Bàbá arúgbó náà ní “Ha!” Bọ̀ọ̀dá Hàkímù wo ilẹ̀. Obìnrin náà fi bírò rẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ta ló ní kí o má sọ?”

“Èmi ni mi ò sọ ọ́, mà. Ẹ forí jì mí.”

“Ó dùn mí,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. “Kí ẹni yìí tó wọlé ni mo ti fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ. Máa lọ sílé.”

*

N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ajùwọ̀n, níbi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn kẹ̀kẹ́ ń pariwo yí wa ká, òòrùn mú, eruku sì wà ní àyà kóòtù rẹ̀.

“O kò fẹ́ mi ni,” mo wí. “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí o sọ. Rárá. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n sọ!”

“Rasheedah.”

“Ṣé o gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ? O ti gbà á tán! O ti níṣẹ́!”

“Mo gbọ́.”

“Kí ló wá ṣe ọ́?”

Ó bọ́ kóòtù náà, ó ká a sí apá. “Nígbà tó bi mí, ojú rẹ ni mo wò. Mo rò ó wò pé, bí mo bá lè dúró níbẹ̀ kí n sọ pé mi ò mọ ẹbí rẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá bi mí nípa ìwọ gan-an, kí ni ẹnu mi yóò sọ?”

Nínú ìwé, obìnrin yóò ti ṣubú mọ́ ọn láyà. Inú ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ ọkọ̀ Mowé, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró lójú kan náà, ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ tí màmá rẹ̀ rán.

Bọ̀ọ̀dá Hàkímù ti ṣáájú mi dé etí bàbá mi. Ó ní Yaqub ló gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, tó yọ́ wá láì sọ fún òun, tó sì sọ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun pé àna òun ni, kí wọ́n lè fún un níṣẹ́ tipátipá. Bàbá mi dìde lórí àga.

“Ó fi orúkọ àbúrò mi wá oúnjẹ! Ẹni tí mi ò tíì fún lọ́mọ! Rasheedah, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn nínú ilé yìí mọ́.”

Mo la ẹnu. Màmá mi fún mi lápá pọ́n-ún. Nígbà tí a dé yàrá, wọ́n ní, “Ọmọ kì í pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́. Àti pé ìwọ náà, ta ló rán ọ lọ sí Magboro?”

Mo pa ẹnu dé. Mo bẹ̀rù bàbá mi, mo bínú sí Yaqub, mo sì tún ń tijú ara mi. Mo ń retí kí Yaqub fúnra rẹ̀ wá sọ bó ṣe jẹ́. Kò wá. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn, mo ń gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí, mi ò sì ní gbé ojú sókè kíákíá, kí n lè rò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i pé òun ni. Àwọn ọkọ̀ Ìbafò ń kọjá, mo ń kà wọ́n, ẹnì kan kò dúró tì mí. Bí mo bá rántí oṣù yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ohùn kankan nínú rẹ̀ àfi ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì.

Àǹtí Kúlúsúmù, ẹni tí mo ti yọ́ sọ òótọ́ fún, ló mú ìròyìn wá. “Ó ti ríṣẹ́. Lọ́dọ̀ lọ́yà àgbàlagbà kan ní Ajùwọ̀n, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Kò sẹ́ni tó mú un lọ. Ó kàn wọlé, ó kí wọn.”

“Ṣé ó bèèrè mi?”

“Ó ní kí n má sọ pé òun bèèrè rẹ.”

“Kí ló dé tí kò wá sọ tẹnu rẹ̀ fún Bàbá?”

Àǹtí Kúlúsúmù wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. “Kí ó wá sọ kí ni? Pé àbúrò bàbá rẹ ló parọ́, àbí pé ìwọ lo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́? Ọmọ yẹn ń bo ẹni méjì, Rasheedah. Ìwọ ta lò ń bò?”

*

Ọjọ́ kẹta ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Àǹtí Kúlúsúmù mú Yaqub àti màmá rẹ̀ wá sílé wa láti wá bẹ̀bẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Hàkímù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó wá kí wa kú ọdún. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, lẹ́yìn màmá mi. Yaqub ti rù. Kò wo ibi tí mo wà.

“Bọ̀ọ̀dá Hàkímù, sà,” ni ó wí, “mo wá bẹ̀ yín nítorí ìtìjú tí mo kó bá yín lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí.”

Bọ̀ọ̀dá Hàkímù mi orí. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ní ọmọlúàbí ni ọ́. Wọ́n ní o kì í parọ́. Ó dáa. Dá mi lóhùn. Ta ló rán ọ lọ sí Ifọ̀?”

Yaqub tẹ orí ba.

“Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bi mí ní ìyẹn. Tí ẹ bá tún bi mí, màá dáhùn.”

Bàbá mi la ẹnu láti tún un bi. Mo rí ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Hàkímù tó di apá àga mú. Mo rí ìka màmá mi tó ń wá apá mi láti fún mi mọ́lẹ̀. Kí ó tó rí i, mo ti wà ní àárín pálọ̀, lórí orúnkún mi.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Rasheedah!” ni màmá mi wí.

“Èmi ni mo lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá ní Magboro. Wọ́n ṣe mí lóore. Wọ́n ní kí Yaqub wá, ṣùgbọ́n kí ó ṣe bí ẹni tí kò mọ àwọn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Kò fẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí gbogbo rẹ̀. Kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni wá oúnjẹ, Bàbá. Wọ́n ti fẹ́ fún un, ó sì sọ ọ́ nù. Ẹ bínú sí mi.”

Ní ìta, ẹnì kan ń kí ẹnì kan kú ọdún, kú ìyèdún.

“Hàkímù,” ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ó rí bẹ́ẹ̀?”

Bọ̀ọ̀dá Hàkímù bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi agbádá nù ún, ó nù ún pẹ́. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín ní Ifọ̀.

“Ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ẹnu mi yára ju orí mi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ọ̀nà tí mo máa gbà padà. Bí mo ṣe ń wá a ni mò ń jìnnà sí i.”

Bàbá mi wo àbúrò rẹ̀, ó wo Yaqub, ó wò mí. Mo ti múra sílẹ̀ pé ó máa ní kí n jáde kúrò nílé òun. Ìyáàfin Hàfísátù ni ó yíjú sí.

“Ìyáa Yaqub, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ fẹ́ mú lọ sílé? Ẹni tí kò lè parọ́ ti wà lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ tún fẹ́ fi irú rẹ̀ kún un. Ó wá ku ta ni tí yóò máa sọ fún àlejò pé ẹ ò sí nílé?”

Ìyáàfin Hàfísátù gbé ìbòrí rẹ̀ sí orí dáadáa.

“Alhaji, ká ṣáà máa gba àlejò náà ni.”

Àǹtí Kúlúsúmù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi tẹ̀lé e. Bàbá mi gbìyànjú láti bojú jẹ́, kò ṣeé ṣe. Ó juwọ́ sí Yaqub.

“Jókòó dáadáa. Kúlúsúmù, ẹ mú ọjọ́ wá. Mi ò ṣe é nítorí yàrá orí oníkẹ́míìsì yẹn o. Ọmọ tó lè ṣe báyìí sí àgbà nínú ilé mi, ẹ tètè bá mi mú un lọ kó tó kan èmi náà.”

Ìgbà náà ni Yaqub tó wò mí. Mo rò pé mo máa rí ọ̀rọ̀ kan rántí nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà. N kò rí ọ̀kan.

Ọjọ́ Jímọ́ tó tẹ̀lé Iléyá ni wọ́n so yìgì wa ní Mowé. Bọ̀ọ̀dá Hàkímù wá, ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó ṣe àmín sókè. Magboro ni à ń gbé báyìí. Ilé wa kì í dá. Àwọn ayálégbé ń wá, àwọn onílé ń wá, àwọn tó wá bèèrè ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n á sì jókòó títí oúnjẹ fi jinná ń wá. Nígbà mìíràn ó máa ń rẹ̀ mí. Mo máa ń fẹ́ kí àwa méjèèjì nìkan tún rìn létí títì, kí ọkọ̀ márùn-ún kọjá. Wọn a kan ilẹ̀kùn, èmi àti Yaqub a wo ara wa. Títí di òní, kò tíì sí ẹnì kan nínú wa tó lè sọ fún wọn pé a ò sí nílé.